Àgbájọ Kọ̀ǹpútà ní Abidjan: Ta Ni Ó Di Kọ́kọ́rọ́ Àká Wa Mú?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Mááṣì, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tí ń ṣòwò ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, gbé fóònù wọn láti ránṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì lọ. Kì í ṣe pé iná lọ, kì í sì í ṣe pé wọ́n jẹ gbèsè. Okùn mẹ́rin tí ń gbé ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá, àwọn tí orúkọ wọn ń jẹ́ WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ni ó bàjẹ́ nínú agbami tí ó kọjú sí Abidjan gan-an. Ọ̀ràn náà kò mọ ní Côte d'Ivoire. Ó dé Gánà, ó dé Bẹ̀nẹ̀, ó sì dé Nàìjíríà, níbi tí iṣẹ́ àwọn báńkì kan ti dojú rú. Àwọn tí ó ni MainOne sọ nígbà náà pé ibi tí okùn àwọn ti já jìn tó nǹkan bí kìlómítà 3 nísàlẹ̀ omi, pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kọ́, àti pé ó jọ pé ilẹ̀ ni ó mì nísàlẹ̀ òkun. Àfonífojì jíjìn kan wà nínú òkun níwájú ìlú náà, tí àwọn Faransé sọ ní Trou Sans Fond, èyíinì ni Ihò Aláìnísàlẹ̀. Orúkọ náà tó láti ba ènìyàn lẹ́rù.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ni ti Abidjan ṣe kan ìwé ìròyìn Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti dé Ẹ̀jìgbò rí kò ní béèrè. Láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni àwọn ará ìlú náà ti ń rin ìrìn-àjò òwò lọ sí Abidjan, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń gbéra ní Ẹ̀jìgbò tí ó ń lọ síbẹ̀, tí a sì ń gbọ́ èdè Faransé nínú ọjà ìlú Yorùbá. Anago ni wọ́n ń pè wá ní ọ̀hún. Ohun tí ó bá kan Abidjan kan àpò àwọn ènìyàn wa.

Nígbà tí àwa dé ìlú náà lẹ́yìn ọ̀ràn yìí, a bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò, ṣùgbọ́n tí a bí òun fúnra rẹ̀ sí Treichville. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán mọ́rán, bí ó tilẹ̀ ń fi Faransé lá a bí ẹni ń fi ẹ̀kọ lá ọbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń ṣọ́ àká fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń bá ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ pa ìwé wọn mọ́. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí a óò sọ níwájú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí fún wa, "ní ọjọ́ tí okùn já, àwọn tí àká wọn wà ní Yúróòpù ni ó ń kígbe. Ẹ̀rọ tiwa ń bẹ níhìn-ín, àwọn tí a ń bá tọ́jú ìwé ń bẹ níhìn-ín, ọ̀nà tí ó so wá pọ̀ kò sì wọ inú òkun. Iṣẹ́ wa kò dúró."

Òtítọ́ ni ó sọ. Ní Abidjan, ibùdó kan wà tí a ń pè ní CIVIX, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Côte d'Ivoire ti ń fi ọ̀rọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́ láì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà rin ìrìn-àjò dé òkè òkun kí ó tó padà sí ilé kejì. Ẹni tí ó bá pa ìwé rẹ̀ mọ́ sílé lè rí ìwé rẹ̀ bí òkun tilẹ̀ di.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń pa á mọ́? Bàbá àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í kó gbogbo àgbàdo rẹ̀ sínú àká kan ṣoṣo, kí iná tàbí eku má bàa sọ ọ́ di alágbe lóru ọjọ́ kan. Ìlànà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń lò nìyẹn. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ ni a so pọ̀ di àgbájọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní dísíìkì tirẹ̀, kí gbogbo wọn lè jọ àká kan lójú ẹni tí ń lò wọ́n. Bí dókítà bá fi ìwé aláìsàn kan pamọ́, àgbájọ náà yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ 3, yóò sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀. Ceph ni orúkọ ètò tí ń darí wọn. Ẹni tí ó pilẹ̀ rẹ̀ ni Sage Weil, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Cruz. Ọdún 2006 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àlàyé rẹ̀ jáde fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó sọ ọ́ ní orúkọ àwọn ẹran omi ọlọ́wọ́ púpọ̀. A kì í san owó kí a tó lò ó, ẹnikẹ́ni sì lè tú inú rẹ̀ wò. Ní CERN, ilé ìwádìí ńlá tí ó wà lẹ́bàá Geneva, òun náà ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́. Ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní Geneva, ọmọ Treichville lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì fi ṣiṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí a sinmi díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ti òkè òkun wá ni ó wá pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé kò sí akọ̀wé kan nínú àgbájọ náà tí ó jókòó ti ìwé ńlá tí ó ń kọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Ìṣirò kan tí a ń pè ní CRUSH ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n ṣe, èyí tí ó bá sì ṣe é láàrin wọn yóò rí ìdáhùn kan náà. Àwọn alóre kan wà, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ 3 tàbí 5, tí ń ṣọ́ ẹni tí ó wà láàyè àti ẹni tí ó ti ṣubú. Ohun tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn bá fi ohùn sí ni àṣẹ. Bí wọn kò bá pé ìdajì ó lé, àgbájọ yóò dúró dè wọ́n. Bí aago alóre kan bá sì fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan yàtọ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Àwa tí a ń pe ìpàdé ní aago mẹ́wàá tí a ń dé ní aago méjìlá, irú alóre báyìí kò lè bá wa gbé.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kọ̀ǹpútà 3 ni ó wà nínú àgbájọ tí ọ̀rẹ́ wa ń ṣọ́, dísíìkì 4 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a fi nọ́ńbà sí láti 0 dé 11. Dísíìkì 5, tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kejì, kú. Ó wà nílé nígbà náà. Ó kọ àṣẹ ránṣẹ́ láti ilé, ceph osd tree, àgbájọ sì to gbogbo dísíìkì sílẹ̀ fún un bí igi ìdílé, ó fi èyí tí ó kú hàn án. Bí a bá fi àgbájọ sílẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 yóò ka irú dísíìkì bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ó ti kúrò láwùjọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà tuntun síbòmíràn. Nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, ó pàṣẹ noout, kí àgbájọ má tíì ṣí ẹrù kiri. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún ọmọ-iṣẹ́ tí ń ṣọ́ ilé lóru pé kí ó yọ dísíìkì náà.

Ọmọ-iṣẹ́ náà ṣí kọ̀ǹpútà kẹta. Dísíìkì 9, tí ó wà láàyè, ni ó fà yọ.

Ní ìṣẹ́jú yẹn, àwọn ìwé kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀dà wọn kan ṣoṣo ni ó kù, nínú kọ̀ǹpútà kìíní. Bí a ti ń ṣètò Ceph, bí ẹ̀dà bá ku 2, iṣẹ́ ń lọ; bí ó bá ku 1, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ìwé wọ̀nyí títí ẹlẹ́rìí kejì yóò fi dé. Ilé-ìwòsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù pé ìwé aláìsàn kò ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi gbọ̀n," ni ó wí. "Àṣẹ kan ń bẹ tí mo lè fún un pé kí ó gba ẹ̀dà 1 gbọ́, ilẹ̀kùn ì bá sì ṣí lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ nǹkan tuntun sínú ẹ̀dà kan yẹn, tí dísíìkì rẹ̀ sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí ibi tí a óò ti rí i mọ́ láyé. Mo bẹ ọ̀gá pé kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ó ní kí ọmọ-iṣẹ́ ti dísíìkì 9 padà sáyè rẹ̀. Ó pàṣẹ kí olùṣọ́ dísíìkì náà jí. Ó ń kọ ceph -s léraléra, ó ń wò bí iye ìwé tí ilẹ̀kùn wọn tì ti ń dín kù. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi ṣí. Nígbà náà ni wọ́n tó yọ dísíìkì 5 gan-an, tí wọ́n fi tuntun sí i, tí ó sì ká àṣẹ noout kúrò. Kò sí ìwé kan tí ó sọnù.

Àwa kò dá ọmọ-iṣẹ́ náà lẹ́bi púpọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ó jọra bí ìbejì ni wọ́n tò síbẹ̀ láìfi nọ́ńbà sí ojú wọn. Ilé-iṣẹ́ tí ó rówó ra ẹ̀rọ olówó iyebíye tí kò rí bébà pélébé lẹ̀ mọ́ ọn, kí ni a óò pè é?

Àwọn kan máa ń béèrè ìdí tí ọmọ náà fi ń kọ àṣẹ, nígbà tí àwòrán tí a lè fi ìka tẹ̀ wà. Ìdí kan ni pé ọ̀rọ̀ fúyẹ́: ó ń gba ojú ọ̀nà tóóró tí àwòrán kò lè gbà, láti orí fóònù, ní òru, ní ọjọ́ tí okùn já. Ìdí kejì ni pé ohun tí a kọ ṣe é tún kà, ó sì ṣe é fi kọ́ ẹlòmíràn. Àgbájọ náà pàápàá mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀. Bí dísíìkì bá kún dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò kìlọ̀. Bí ó bá dé 95, kò ní gba ẹrù mọ́. Bí ènìyàn bá sì fẹ́ pa odindi abala àká kan rẹ́, yóò ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì fi gbólóhùn kan tì í tí ó ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ ẹ lóòótọ́ lóòótọ́. Ì bá ṣe pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wa!

Ìyẹn ni ó mú wa rántí ọdún 1960. Ní ọjọ́ keje oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni Côte d'Ivoire gba òmìnira, tiwa sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkìtóbà. Àsíá yí padà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwé ìṣàkóso kò yí ibùgbé padà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ilẹ̀ tí Faransé jọba lé lórí wà ní Aix-en-Provence títí di òní. Ní ọdún 2011, nígbà tí àwọn àgbà láti Kẹ́ńyà pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ lórí ìyà tí wọ́n jẹ nígbà Mau Mau, ni ó tó hàn sí gbogbo ayé pé ìwé ilẹ̀ 37 tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba lé lórí rí wà nípamọ́ ní Hanslope Park. Ẹni tí kò ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ìtàn ara rẹ̀. Ní Grand-Bassam, níbi tí àwọn obìnrin ti rìn lọ sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1949 láti béèrè àwọn aṣáájú wọn, ni ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a ń pè ní VITIB wà báyìí. Inú wa dùn láti gbọ́ èyí.

Òfin kò sì ṣaláì sí. Côte d'Ivoire ṣe òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ní oṣù Júùnù 2013, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní oṣù Júùnù 2023. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ bí a ti ń pààrọ̀ dísíìkì. Òfin kò sì lè tan iná: ní ọdún 2021, Abidjan tí ń ta iná fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pàápàá fi oṣù mélòó kan pín iná lò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa ń wí pé kí a kó gbogbo rẹ̀ sílé kí a ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀dà 3 nínú ilé kan, iná kan ni ó tó wọn. Ní oṣù Mááṣì 2021, ilé kọ̀ǹpútà OVHcloud jóná ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ìwé àwọn ẹlòmíràn sì bá a lọ. Bí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwé kan rẹ́, láti inú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ti pa rẹ́ pọ̀. Ó yẹ kí ẹ̀dà mìíràn wà ní ìlú mìíràn, ì báà jẹ́ Yamoussoukro, ì báà jẹ́ Èkó, ì báà tilẹ̀ jẹ́ Paris. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ti Paris jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ̀rẹ́ wa níṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ fi ń dá a lóhùn, Yorùbá sì ni ó fi ń ronú. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èwo nínú yín ni yóò gbìyànjú rẹ̀ lórí èyí?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó fi ìwé àjákọ kan hàn wá, tí ó kọ àṣẹ sí apá òsì tí ó sì kọ ìtumọ̀ sí apá ọ̀tún fún ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Anago. Níwájú noout, ó kọ ọ́ pé: má tíì lé e jáde. Níwájú ceph -s, ó kọ ọ́ pé: ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ó tẹ àṣẹ náà lójú wa, àgbájọ sì dáhùn pé HEALTH_OK. Ó kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà náà ni fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Adjamé, ó ń béèrè bóyá ó ti jẹun.