Ara ti yá: ṣé kí a dá oògùn àìbalẹ̀ ọkàn dúró?

"Ara mi ti yá, kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún?" Ìbéèrè yìí kò ní àbùkù. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lóru lọ́dún tó kọjá, tí kò lè wọkọ̀ láti Ìlá-Ọ̀ràngún dé Òṣogbo kó má làágùn, tó wá ń sùn àsùnjí báyìí, tó tún ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wo káàdì oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ kó sì béèrè pé títí dìgbà wo. Ohun tó ń bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀pọ̀ kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n á kàn dáwọ́ dúró ni.

Ibà ló kọ́ wa bí a ṣe ń lo oògùn òyìnbó. Coartem àgbàlagbà jẹ́ hóró 24, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń lò ó, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́ wa ní èkejì: oògùn tí èèyàn máa ń lò dọjọ́ alẹ́. Oògùn àìbalẹ̀ ọkàn kò bá ti ibà mu, kò sì bá ti ẹ̀jẹ̀ ríru mu. Ó máa ń parí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ọjọ́ tí ara yá kọ́ ló ń parí. NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé bí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí àníyàn kì í fi lọ́rùn sílẹ̀, kó máa lò ó fún ọdún kan, ó kéré tán. Ara tó yá yẹn, oògùn ló gbé e dúró. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dá dúró fúnra rẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n oògùn wo gan-an là ń sọ? Lẹ́nu àwa èrò, gbogbo wọn ni "oògùn oorun", bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Valium àti Lexotan wà lápá kan. Láàárín wákàtí kan, àyà á ti balẹ̀. Ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ Roche ti ilẹ̀ Switzerland gbé Valium jáde, kò sì pẹ́ tó fi di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ewu rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ pẹ́ lára: láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á ti mọ́ni lára, ara á sì máa béèrè rẹ̀. Ní 2020, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sí i lórí. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kì í ṣe oògùn tí a fi ń tọ́jú àníyàn; bí ọ̀ràn bá di pàjáwìrì, ọjọ́ mẹ́ta sí méje péré ni kó mọ. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, tó wá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé a máa ń rí i rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà.

Apá kejì ni sertraline, escitalopram, fluoxetine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọn kì í yára: ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹni tó ń lò wọ́n tó rí ìyàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú àníyàn fún ìgbà pípẹ́, wọn kì í sì í sọni di ẹni tó ń wá oògùn kiri.

Bí a bá wá dá wọn dúró ńkọ́? Ní 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ àkójọ ìwádìí 28 jáde, lórí ẹni 5,233 tí oògùn ti wo àníyàn wọn sàn. Wọ́n pín wọn sí méjì: àwọn kan ń bá oògùn lọ, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró òfìfo. Láàárín ọdún kan, bí 36 nínú 100 àwọn tó ń gbé òfìfo mì ni àìsàn náà padà sí. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oògùn lọ, bí 16 ni. Ẹni tó fẹ́ràn oògùn á ní ẹ wò ó, ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú: bí 64 nínú 100 tó dáwọ́ dúró ni kò rí àìsàn náà mọ́ lọ́dún yẹn. Nítorí náà, dókítà tó bá ní o kò gbọdọ̀ dá a dúró láé, àti ọ̀rẹ́ tó ní jù ú sígbó lónìí, kò sí èyí tó sọ òdodo nínú wọn.

Ìdàrúdàpọ̀ ńlá wà ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá dá oògùn dúró. Òòyì lè kọ́ni, inú lè máa rú, àlá burúkú lè máa yọ sójú oorun, nǹkan lè máa ta wìn-ìn lórí bí iná mànàmáná. Àwa Yorùbá kì í sì í sábà sọ fún dókítà pé "àníyàn ń ṣe mí". Ohun tí a ń sọ ni pé orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi, àyà mi ń já pà. Nígbà tí ara bá wá ń ké nítorí oògùn tí kò rí, ìró kan náà la máa gbọ́, a ó sì pariwo pé àìsàn ti dé. Ọjọ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ti oògùn tí a dá dúró sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì máa ń rọlẹ̀ kíá bí a bá tún lo oògùn náà, àìsàn tó padà máa ń rọra wọlé ni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ìwádìí tí àwọn ará Jámánì ṣe ní 2024, lórí ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn, rí i pé bí 31 nínú 100 tó dá irú oògùn yìí dúró ni nǹkan báyìí ṣe. Àwọn tó jẹ́ pé hóró òfìfo ni wọ́n dá dúró, 17 nínú 100 ló ṣe! Ìbẹ̀rù nìkan tó ohun tó ń dáni lóró. Bí ẹnì kan nínú 35 ni tirẹ̀ le gan-an.

Ó ku bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlá mọ ẹmu, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀pẹ ṣàlàyé. Adẹ́mu kì í bẹ́ láti orí ọ̀pẹ. Igbà ló fi gùn ún, igbà náà ló fi ń sọ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bó bá ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, ó lè fò, kò sí ewu. Ọ̀pẹ ti oògùn yìí yàtọ̀: ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀gbun wà. Mark Horowitz, dókítà tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti rí màbo nígbà tó fẹ́ dá oògùn yìí dúró, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, David Taylor, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 2019. Citalopram, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apá kejì, bó bá jẹ́ 20 mg, ń dí bí 80 nínú 100 ojú ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń kó èròjà serotonin padà. Bí a bá dín in sí 9 mg, ó ṣì ń dí 70. Ní nǹkan bí 5 mg, ó ṣì ń dí 60. Ẹni tó bá wá ti 5 mg bọ́ sí òfo, 60 yẹn ló já lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ìdínkù àkọ́kọ́ fi máa ń rọrùn, tí ìyókù kékeré á wá máa ṣe bí ẹkùn. Bí ó bá ṣe ń kù díẹ̀ sí i ló yẹ kí ìdínkù kéré sí i, kó sì gba oṣù bó bá gba oṣù.

Ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà, ta ni a ó wá bá sọ ọ́? Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006, lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá ẹni 4,984 lẹ́nu wò ní ilẹ̀ Yorùbá, fi hàn pé oríṣiríṣi àníyàn ló wọ́pọ̀ jù nínú àìsàn ọpọlọ láàárín wa. Nínú àwọn tí tiwọn le gan-an, bí 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú láàárín ọdún kan. Ọ̀ṣun ni wọ́n sì ti dán ojútùú kan wò: wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera 198, láti ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, bí wọ́n ṣe ń lo ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àìsàn ọpọlọ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ péré nìyẹn: ìjọba ìbílẹ̀ 30 ló wà ní Ọ̀ṣun.

Ní tèmi, àpò ló ń dá oògùn dúró níbí ju dókítà lọ. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, oògùn tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí. Àwọn mìíràn, ẹnu èèyàn ni wọ́n ń sá fún, kí wọ́n má bàa ní oògùn wèrè ni lágbájá ń lò. Àwọn kan ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ti rí ìwòsàn, ojú wá ń tì wọ́n láti tún mu hóró kan. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ ìpinnu. Ẹni tó bá fẹ́ pinnu, kó wo bí oṣù mélòó tí ara ti yá, bóyá ó ti dán an dáwọ́ dúró rí tí àìsàn sì padà, bóyá ìnáwó òkú tàbí ìdánwò ń bọ̀ lọ́nà. Aboyún kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí ìbẹ̀rù kó tó rí dókítà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo Valium tàbí Lexotan lójoojúmọ́ láti bí oṣù mélòó kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù lálẹ́ òní. Ẹ mú páálí rẹ̀ dání, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín.