Ọmọ ní iṣẹ́ lòun fẹ́, bàbá ní kó padà sílé ìwé, ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń ru

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lè ní kí ló kan nọ́ọ̀sì ńbẹ̀. Ó kàn mí, torí pé ilé ìwòsàn ló ti wá bá mi.

Ìyá kan wà tó máa ń wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti mọra. Kì í pa ọjọ́ tí a bá dá fún un jẹ, kì í sì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 178 lórí 104. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó má sọ̀rọ̀. Mo tún un wọ̀n, 174 lórí 102. Mo ní, "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Omi lé ròrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ilé mi ti pín sí méjì."

Ọmọ wọn kẹta ló parí OND nínú iṣẹ́ gírááfíìkì ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan, ó sì ṣe dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ó lọ ṣe IT ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ọ̀gá ibẹ̀ ní kó má lọ mọ́, òun á máa sanwó oṣù fún un. Inú ọmọ dùn. Ó wálé, ó ní òun ò ṣe HND mọ́, pé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọdún méjì kọ́ òun, òun ti ń fi í jẹun. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ní ọmọ kankan kò ní já ìwé sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà nínú ilé òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá àti ọmọ kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ìyá ló ń gbé oúnjẹ fún ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń jíṣẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Owó àjọ tó kó láti fi ra ọjà, ó ti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún owó ilé ìwé tí ọmọ ní òun ò lọ. Ó ní òun kì í sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru.

Dókítà wa tún oògùn wọn tò. Mo kìlọ̀ fún wọn pé nítorí ìjà ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má ṣe lo oògùn ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n má sì ṣe fò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé oògùn nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Ni mo bá ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi, kí bàbá náà sì wá tí ó bá gbà.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ẹ̀yin àgbà, torí mo rí i pé àìmọ iṣẹ́ náà ló bí ìdajì ìjà yìí. Nígbà tí a wà ní kékeré, àátíìsì la mọ̀, ẹni tó ń kọ orúkọ sára bọ́lẹ́kájà àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí ló ń ya ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, pátákó ìpolówó títì, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di gàrí tà, títí dé ojú fóònù tí ẹ ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́. Àní páálí oògùn pàápàá. Mo ti rí ìyá arúgbó kan tó lo oògùn àtọ̀gbẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dípò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí pé páálí méjèèjì funfun, méjèèjì ní ìlà búlúù, lẹ́tà wọn sì kéré bí ẹyin kòkòrò. Ẹnìkan ló jókòó ya páálí yẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ́ ẹni náà láti máa bèèrè pé ta ló máa lo nǹkan tí òun ń yà, ìyá yẹn ì bá má dákú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwòrán lásán ni.

Nígbà tí bàbá náà dé, ohun tó bà á lẹ́rù ni mo kọ́kọ́ bi í. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun di ẹni tí wọn ò ní kà sí láwùjọ. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò sì bá a jiyàn. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, dípúlómà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n padà lọ gba oyè fásitì, ti di ọ̀gá mi. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára lọ́jọ́ tí ìwé ìgbéga bá jáde. Àwọn tó ní HND náà ti ń pariwo láti ọ̀pọ̀ ọdún pé ìjọba kì í ka ìwé àwọn sí bíi ti ẹni tó jáde ní fásitì. Ká wá sọ fún ọmọ pé OND nìkan ti tó, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Nǹkan mìíràn tí àwọn ọmọ kì í rò ni àgùnbánirọ̀. Ẹni tó ní OND nìkan kì í sìnrú ìlú. Ẹni tó bá gba HND tàbí oyè fásitì ló ń lọ, tí kò bá sì tíì lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó jáde. Bó bá ti lé, ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ ni wọ́n máa fún un. Ẹni tó bá kàwé ní páátì-táìmù kì í sìn. Nítorí náà, "màá lọ tó bá yá" tí àwọn ọmọ máa ń sọ, ọjọ́ orí ń lọ lórí rẹ̀. Ọmọ yìí jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ṣì ní àyè, ṣùgbọ́n àyè náà kì í ṣe títí láé.

Mo wá yíjú sí ọmọ náà. Mo ní, kí lo ti kọ́ ní Ṣómólú tí wọn ò kọ́ ọ nílé ìwé? Áà, ẹnu rẹ̀ là! Ó ní níléèwé, ọmọ púpọ̀ ló ń pín kọ̀ǹpútà kan, tí iná bá lọ, ẹ̀kọ́ parí. Ó ní lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ lè máa tàn yòò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, íǹkì mẹ́rin péré ló ń lò: oríṣi búlúù kan, oríṣi pupa kan, yẹ́lò àti dúdú. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ohun tí yóò tẹ̀ jáde kò ní jọ ohun tó yà. Ó ní lọ́jọ́ kan òun gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ olóògbé lórí ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì ti tẹ 500 kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ọ̀gá rẹ̀ yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. "Láti ọjọ́ yẹn, ma," ó ní, "ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ka orúkọ." Mo wo bàbá rẹ̀, mo rí i pé ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Olùkọ́ ni, ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Mo tún bi ọmọ náà pé kí ni ọ̀gá rẹ̀ kò lè kọ́ ọ. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé oríṣi iṣẹ́ kan náà làwọn ń ṣe lójoojúmọ́: ìwé ìkésíni, páńfúlẹ́ẹ̀tì, ìwé ètò ìsìnkú. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé èé ṣe tó fi fi lẹ́tà báyìí síbí, oníbàárà ṣáà fẹ́ kó tètè parí. Ó ní òun kò fọwọ́ ya nǹkan sórí ìwé láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kọ̀ǹpútà ti wà báyìí tí ènìyàn máa kọ gbólóhùn kan sí, tí yóò sì fúnra rẹ̀ ya àwòrán jáde. Ẹni tó jẹ́ pé bọ́tìnnì títẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun ni iṣẹ́ máa kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ronú, tó mọ bí a ṣe ń yàwòrán, tó lè bá oníbàárà jókòó kó sì mọ ohun tó fẹ́ gan-an, onítọ̀hún á ṣì rí iṣẹ́ ṣe.

Àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ àwọn tó dé òkè láì kàwé. Wọ́n á ní, Nike Davies-Okundaye ńkọ́? Òótọ́ ni, kì í ṣe ilé ìwé gíga ló ti kọ́ àdìrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ní Ògìdì, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló ti ń kọ́ ọ láti kékeré. Nígbà tó máa fi lọ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ ọnà ní 1974, kì í ṣe oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́. Ilé ìwé tirẹ̀ nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò ní bẹ́ǹṣì ni. Shade Thomas-Fahm ní tirẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá lọ sí ìlú Òyìnbó ní 1953 (ẹ wò ó bí a ṣe pàdánù rẹ̀!). Ó débẹ̀, ó ní aṣọ ló wu òun, ó lọ kọ́ ọ ní St Martin's ní London, ó padà dé ní 1960, ó sì ṣí ilé aṣọ tirẹ̀ ní Èkó. Duro Olowu, ìmọ̀ òfin ló kọ́kọ́ kà kó tó di aránṣọ tí ayé mọ̀. Ọ̀nà wọn kò jọra. Ẹ má fi ẹyọ ẹnìkan lu ọmọ yín lórí.

Kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, torí ẹ̀yin tó ti fẹ̀yìntì. Mo mọ bàbá àgbà kan tó kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aránṣọ olówó ńlá. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà bóyá ó ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rí. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Bàbá ní tirẹ̀ ti ń gé oògùn rẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fi rọ. Ẹ jọ̀ọ́, owó oògùn yín kì í ṣe owó ilé ìwé ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ kọ́kọ́ lọ lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí onítẹ̀wé kan ládùúgbò. Bí ó bá ṣì ń jí lọ láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹ lé e, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ owó ńlá.

Iṣẹ́ náà ní àrùn tirẹ̀ o. Ojú ọmọ yìí pọ́n nígbà tó wọlé, ó ní orí ń fọ́ òun ní alaalẹ́. Mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ojú, àti pé ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, kó gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, kó wo nǹkan tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà ogún fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Kó máa dìde, kó nà. Mo tún bi í ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn wà. Ó ní ẹ̀yìn fèrèsé ni, nínú ọ̀nà tóóró kan. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín yẹn kò ní òórùn, ẹni tó bá sì sùn ti iṣẹ́ lóru lè má jí.

Àdéhùn tí a wá ṣe nìyí. Ọmọ náà yóò bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan sí i, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé e lọ sí Ṣómólú lọ fojú rí ibẹ̀. Wọ́n á bi ọ̀gá náà bóyá ó máa jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọ̀rọ̀ owó, àbí kọ̀ǹpútà nìkan ló máa jókòó tì, bóyá ó sì lè tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì tirẹ̀. Owó oṣù kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdá mẹ́ta owó náà, yóò máa fi ìdá kan pa mọ́ fún owó ilé ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Lópin ọdún, yóò wá yàn bóyá HND ni, tàbí kó gba fọ́ọ̀mù JAMB fún dáírẹ́ẹ̀tì ẹ́ńtírì, tó fi máa wọ ọdún kejì ní fásitì tí wọ́n bá gbà á. Bàbá kọ́kọ́ ní ọdún kan ti pọ̀ jù. Ọmọ ní ìdá mẹ́ta ti pọ̀ jù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n gbà.

Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí. Nígbà tí ìyá náà wá kẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 138 lórí 86, ó sì mú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wọn dání fún wa, èyí tí ọmọ náà yà. Ó ní bàbá rẹ̀ ló bá a yẹ orúkọ àwọn alàgbà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ̀yin àgbà lè kà á láìsí awò. A ti gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀.