Òfin mẹ́rin, báńkì kan: ọ̀nà wo ni wọ́n lè gbà pa gbogbo rẹ̀ mọ́?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà báńkì kan, wọ́n jí orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà káàdì àwọn oníbàárà. Ta ni báńkì náà máa kọ́kọ́ sọ fún?

Ìlànà ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Báńkì Àpapọ̀ (CBN) gbé kalẹ̀ ní kí wọ́n fi tó òun létí láàárín wákàtí 24. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023 fún wọn ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ NDPC, tí ọ̀rọ̀ náà bá lè ṣàkóbá fáwọn tó ni dátà. Àwọn iléeṣẹ́ káàdì bíi Visa àti Mastercard náà ní ìlànà tiwọn, PCI DSS. Bí báńkì náà bá tún gba ìwé ẹ̀rí ISO 27001, ìkẹrin nìyẹn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń di ìlànà kọ̀ọ̀kan mú. Àwọn lọ́yà gbé ti NDPC dání, àwọn oníkọ̀ǹpútà gbé ti káàdì. Ìbéèrè kan náà làwọn òṣìṣẹ́ á máa dáhùn nígbà mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, kálukú á rò pé ẹlòmíì ti sọ̀rọ̀, aago á sì ti lọ.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Ojú kan ni àdá ń ní. Kí báńkì kó gbogbo ohun tí ìlànà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń béèrè sójú ìwé kan ṣoṣo. ISO 27001 ti ọdún 2022 ní ohun 93 nínú àfikún rẹ̀, PCI DSS ní orí 12, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ló jọra: ta ló láṣẹ láti wọlé, báwo la ṣe ń fi dátà pamọ́, ṣé a ń kọ́ òṣìṣẹ́.

Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, kí wọ́n mú èyí tó le jù. Báńkì tó bá múra sílẹ̀ fún wákàtí 24 kò ní pẹ́ fún wákàtí 72. Bákan náà, PCI DSS ní kí wọ́n máa yẹ àṣẹ ìwọlé àwọn òṣìṣẹ́ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Àyẹ̀wò kan yẹn tó fi han gbogbo àwọn tó kù. Kí ẹnì kan sì wà tí wọ́n fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí lọ́rùn.

Àmọ́ o, "èyí tó le jù" kì í yanjú gbogbo rẹ̀. PCI DSS ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún oṣù 12 ó kéré tán, òfin dátà sì ní kí wọ́n má tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹni ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ jókòó, kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́. Ìwé ẹ̀rí ISO pàápàá kò sì rọ́pò òfin ìjọba.

Báwo lèyí ṣe kan ẹ̀yin olùgbọ́ wa? Iléeṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin dátà lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jí dátà rẹ̀ ló ń jìyà ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá wọ báńkì yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n tọ́jú nípa yín. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lè fẹjọ́ sun NDPC.