Ọ̀jọ̀gbọ́n Orí Rédíò: Ta Ló Ń Gba Ìṣirò Lọ́wọ́ Wọn?

Kò sí ogun tó lè bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè lálẹ́ òní tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò ní ti máa ṣàlàyé rẹ̀ lórí rédíò wa kí aago méje òwúrọ̀ ọ̀la tó lù. Bí sójà bá gbàjọba ní Sahel, òun ni wọ́n ń pè. Bí Amẹ́ríkà bá fi kún owó ibodè, òun náà ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lè ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí ìbò gómìnà, kò sì ní kọ̀. Orúkọ tí atọ́kùn ètò fi ń pè é kì í yí padà: "onímọ̀ nípa àjọṣe láàrin àwọn orílẹ̀-èdè."

Ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kò fa àríyànjiyàn púpọ̀. Wọ́n ti dá NIIA, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó wà ní Victoria Island, sílẹ̀ láti 1961. Yunifásítì Ifẹ̀ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, àwọn yunifásítì mìíràn sì tẹ̀ lé e. Èèyàn á gboyè ọ̀mọ̀wé, á kọ àpilẹ̀kọ sínú jọ́nà, á sì máa retí ìgbéga. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn ni ilé iṣẹ́ rédíò. Lójú ìgbìmọ̀ ìgbéga, odindi wákàtí kan lórí afẹ́fẹ́ kò tó àpilẹ̀kọ kan. Owó tó sì wà níbẹ̀ kì í sábà ju owó ọkọ̀ lọ. Nígbà mìíràn, omi inú ọ̀rá nìkan ni. Kí ló wá ń gbé e jí ní ìdájí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ rédíò ní ìdí tó fi ń pè é. Kí òfin 1992 tó fàyè gba aládàáni, ìjọba ló ni gbogbo rédíò àti tẹlifíṣàn, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí òun ti pa ẹnu mọ́. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀, wákàtí òwúrọ̀ gùn, ètò sì gbọ́dọ̀ kún un. Kí wọ́n rán oníròyìn lọ sí Niamey tàbí Kyiv, owó ńlá ni. Kí wọ́n tẹ ọ̀jọ̀gbọ́n kan láago ní Akoka tàbí Ọ̀jọ́, iye káàdì fóònù ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi alálàyé rọ́pò ẹni tó lọ wo ibẹ̀. Ìròyìn CNN àti BBC tí èmi àtìwọ kà lálẹ́ àná náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ agbọ́rọ̀sókè. Ọgbọ́n tí wọ́n fi kún un ni a ń sanwó fún, bí a bá tilẹ̀ ń sanwó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ọgbà yunifásítì ní ìdáhùn mìíràn, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́: ìwé ìwáṣẹ́ ni ẹ̀rọ agbọ́rọ̀sókè. Abala 171 nínú ìwé òfin 1999 fún ààrẹ lágbára láti yan aṣojú sí ilẹ̀ òkèèrè, kí Ilé Aṣòfin Àgbà sì fọwọ́ sí i. Kò pọn dandan kí ẹni náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ti dé etí Abùjá kò jìnnà sí àtẹ orúkọ àwọn aṣojú. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ wọn lẹ́yìn ìbò, nígbà tí àtẹ orúkọ kò tíì jáde. Ẹni tó ń bú ètò ìjọba lórí ọ̀rọ̀ òkèèrè tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí "ìrètí" nínú rẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá jáde, á dákẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Bí iṣẹ́ bá parí, á padà sórí afẹ́fẹ́ wá sọ ohun tí ì bá ti sọ nígbà tó wúlò.

Àwọn tó ń gbèjà wọn a máa tọ́ka sí àárín 1984 sí 1987. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ló jẹ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tẹ̀léra, àwọn méjèèjì ló sì ti ṣe ọ̀gá àgbà NIIA rí. Ní 1987, ètò tó ń kó àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa lọ sìn ní Áfíríkà, Caribbean àti Pacific bẹ̀rẹ̀, ó sì wà títí di òní. Ọdún náà ni wọ́n tún gbìyànjú láti kó àwọn orílẹ̀-èdè tí agbára wọn wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì jọ sí ẹgbẹ́ kan. Ìyẹn kò pẹ́ tó fi fọ́nká lẹ́yìn tí mínísítà ìgbà náà kúrò nípò. Èmi gbà pé èkíní dára. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn kò sí rédíò aládàáni kankan nílẹ̀ yìí. Ìwé àti àpérò ló gbé wọn dé ipò, kì í ṣe ètò òwúrọ̀.

Àwọn kan wà tí kò wá ipò, tí ọ̀rọ̀ náà sì ká wọn lára lóòótọ́. Àwọn ni mo ní ìbéèrè fún jù. Ní 2005, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Philip Tetlock gbé ìwé jáde lórí ìwádìí tó fi nǹkan bí ogún ọdún ṣe, tó fi ń gba àsọtẹ́lẹ̀ lẹ́nu onímọ̀ 284. Ohun tó rí ni pé àwọn tí oníròyìn ń wá jù ni àsọtẹ́lẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni atọ́kùn tó máa tún pe ẹni tó sọ pé "ó lè rí báyìí, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀"? Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé dá Bakassi fún Kamẹrúùnù ní 2002, a gbọ́ àwọn tó ní Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ láéláé, a sì gbọ́ àwọn tó ní ogun ti dé. Sójà wa kúrò níbẹ̀ ní 2006 láìsí ogun. Ta ló padà lọ bi wọ́n?

Síbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tó ń fi Yorùbá ṣe é lórí rédíò ń ṣe iṣẹ́ tó le ju ti jọ́nà lọ, nítorí àwọn olùgbọ́ ń pè wọlé. Ìyá oníbúrẹ́dì á béèrè pé, "Prófẹ̀sọ̀, kí ló kàn wá nínú ìjà àwọn òyìnbó?" Á sì ní láti ṣàlàyé pé ilẹ̀ òkèèrè ni a ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, pé bí ọkọ̀ ojú omi kò bá ráyè kọjá, iye àpò ìyẹ̀fun á gbéra. Kò sí ọmọ ìgbìmọ̀ ìgbéga tó máa bi í ní ìbéèrè tó mú tó ìyẹn. Bó bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, ó ti ṣe ohun tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fúnra rẹ̀ kì í ṣe fún wa.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń ká ohùn sílẹ̀. Kò gba owó kankan láti gbé ohun tí àlejò sọ lọ́dún méjì sẹ́yìn jáde, kí a tó bi í ní tuntun. Mi ò tíì gbọ́ ọ kí atọ́kùn kan ṣe é. Ohun tí à ń gbọ́ ni, "Ẹ kú àárọ̀, Prófẹ̀sọ̀. Báwo lẹ ṣe rí ọ̀rọ̀ yìí sí?"