Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ara Ẹni Nígbà Tí A Bá Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ilé

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí o bá rìn yí ká Òwu-Ìsin ní òwúrọ̀, ìwọ yóò rí i pé inú ilé gan-an ni iṣẹ́ àwọn mìíràn wà: ìyá kan ń yan gààrí ní ẹ̀yìnkùlé, èkejì ń se ọṣẹ, télọ̀ ń rán aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, àwọn akọ̀wé pàápàá gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì wá sílé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí yóò máa ṣọ́ ewu fún ọ nínú ilé. Ìwọ fúnra rẹ ni.

Ewu tí ó lè pa odidi ìdílé lẹ́ẹ̀kan náà ni ti jẹnẹrétọ̀. Nítorí olè àti òjò, àwọn kan a máa gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná, wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónókísáídì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, imú kò lè dá a mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ọ́síjìn kiri ara wa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ burúkú yìí a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Orí a kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì a máa kọ́ni, èébì a máa gbéni. Ẹlòmíràn a rò pé ibà ni, a lo oògùn ibà, a sùn, kò sì ní jí mọ́. Fèrèsé tí a ṣí kò tó. Gbé ẹ̀rọ náà sí ìta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí o sì kọ ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ fèrèsé rẹ àti ti aládùúgbò. Iná èédú tí a gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́ ń ṣe iṣẹ́ ibi kan náà. Bí o bá bá ẹni tí ó ti dákú nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, má ṣe jókòó tì í láti máa pe orúkọ rẹ̀. Ṣí ilẹ̀kùn, gbé e síta kíákíá, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Èéfín igi kì í pani wàràwàrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín ìdáná inú ilé pa káàkiri ayé ní ọdún 2020. Kí ẹni tí ń yan gààrí mọ ògiri amọ̀ kékeré sáàrin ìjókòó rẹ̀ àti iná, kí ẹnu ààrò sì kọjú sí ìta. Kí ó má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iṣẹ́ yìí rárá. Omi tí a fún lára ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ mu ún.

Ní ti télọ̀ àti akọ̀wé, ẹ̀yìn àti ojú ni ó ń jìyà. Kí wọ́n máa dìde nara lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ó ku sódà tí a fi ń se ọṣẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ewu. Wọn a rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọn a gbé e sílẹ̀. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Bí ó bá mu ún, ọ̀fun rẹ̀ a bó. Bí egbò náà bá sì jinná, àpá lè dí ọ̀nà oúnjẹ. Inú àpótí tí a tì ni kí o tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, má fún un ní epo pupa, má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì, nítorí ohun tí ó jó o nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀. Fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.