Ọ̀nà tí tínà ń gbà dé ọpọlọ

Ẹni tó bá ń wo àwọn tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò, yálà ní Ifẹ̀-Olúkòtún tàbí níbòmíràn nílẹ̀ Yàgbà, á rí i pé àwọn kan lára wọn kì í fi agolo mílíìkì ṣeré bí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n ní ó ń fọ tínà kúrò lára. Àwọn tó ń fi ẹnu fa bẹntiróò látinú táǹkì, tí díẹ̀ bá já sí wọn lọ́fun, epo pupa ni wọ́n ń sáré mu. Ṣùgbọ́n ikùn kọ́ ni tínà gbà wọlé.

Tínà, bẹntiróò, àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, gbogbo wọn ló ní àwọn èròjà tó ń yára fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nínú wọn ni toluene. Téèyàn bá fà á símú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní pẹ́ rárá tí ọkàn á fi tì í dé orí. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, òun ló ń gbà á. Lóòótọ́, ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ fún pinpin, ọ̀pọ̀ oògùn ni kì í rí ibẹ̀ kọjá. Àmọ́ awọ tó bo ògiri yẹn, ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀. Èròjà tó bá kéré, tó sì bá ọ̀rá rẹ́, á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bó bá wọlé tán, kí ló dé tó fi ń pọ̀ níbẹ̀? Gbé òrí àti abọ́ omi kan kalẹ̀ láìdé nínú yàrá tí karosíìnì wà, kí ilẹ̀ mọ́. Òrí ni yóò gba òórùn jù, torí ọ̀rá ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọpọlọ ni ọ̀rá. Ti ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí toluene inú ọpọlọ fi máa ń tó bí ìlọ́po méjì ti inú ẹ̀jẹ̀. Ọtí kò rí bẹ́ẹ̀: omi ni ọtí fẹ́ràn, ìwọ̀n rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Kì í ṣe orí èèyàn ni wọ́n là láti mọ èyí. Wọ́n á bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á kán èròjà náà sí i, wọ́n á dé e pa, wọ́n á jẹ́ kó wà nínú ooru 37°C, bí ara wa ṣe ń gbóná. Bí ó bá ti fara rọ, ẹ̀rọ á wọn iye tó wà nínú afẹ́fẹ́ òkè ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n á ṣe bákan náà fún ọpọlọ eku tí wọ́n lọ̀. Ká ní ẹ̀jẹ̀ gba ìlọ́po 15 ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́, tí ọpọlọ gba ìlọ́po 30. Pín 30 sí ọ̀nà 15, 2 ni. Ìlọ́po méjì nìyẹn.

Àwọn kan tiẹ̀ ń ṣírò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìgò. Ní 1899, Hans Meyer ní Jámánì, àti Charles Overton ní 1901, ṣàkíyèsí pé bí oògùn akunilóorun bá ṣe ń yọ́ sínú òróró ólífì ju inú omi lọ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni díẹ̀ rẹ̀ ṣe tó láti kunni. Ní 2006, Michael Abraham ti University College London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde fún irú àwọn èròjà yìí: bí èròjà ṣe tóbi sí, àti bí ó ṣe ń fà mọ́ omi tó, ni wọ́n fi ń mọ bí yóò ṣe pín ara rẹ̀ sáàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ.

Ìlọ́po ọpọlọ sí ẹ̀jẹ̀ yìí ń sọ ibi tí nǹkan ń lọ, kò sọ gbogbo ohun tó lè bàjẹ́. Benzene inú bẹntiróò ń kun ọpọlọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn inú egungun ni jàǹbá rẹ̀ tó burú jù wà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Hexane tó ń wà nínú àwọn gọ́ọ̀mù kan ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ ló ń yí i padà di ohun tó ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ àti ọwọ́ jẹ́.

Nítorí náà, bí òyì bá ń kọ́ ẹni tó ń fín ọ̀dà, tínà ti wà lọ́pọlọ ná. Mílíìkì inú ikùn kò lè bá a débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń ranni lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí bá mọ́, tínà inú ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù, ọpọlọ á sì máa dá tirẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. A ó mí díẹ̀ jáde, ẹ̀dọ̀ á fọ́ ìyókù. Ẹni tó gbé bẹntiróò mì ni kí ẹ má fi epo pupa mú bì, kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ìbòmú aláṣọ kò sì dá tínà dúró, eruku ló wà fún. Èyí tí wọ́n fi èédú sí nínú ló lè gbà á mú, ó sì ní ọjọ́ tí èédú náà máa kún tí a ó pààrọ̀ rẹ̀.