Ariwo Tí Etí Kì í Gbọ́

Kì í ṣe gbogbo ariwo ni etí ń gbọ́. Ségesège tó ń bá iná inú wáyà ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní ariwo. Àpẹẹrẹ kan ni ti fíríìjì oògùn àjẹsára, tí ìgbóná rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 2 sí 8. LM35 ni ó ń wọn ìgbóná náà: mílífóòtì 10 fún dígírì kan. Maikirokontírólà ATmega328P ni ó ń kà á. Fóòtì 5 ni ó pín sí ọ̀nà 1,024, ìpín kọ̀ọ̀kan kò sì pé mílífóòtì 5.

Níbo wá ni àṣìṣe ń gbà wọlé? Wáyà ìpadà ni. Bí LM35 àti rílè bá jọ ń lo wáyà ìpadà kan ṣoṣo, tí wáyà náà ní óómù 0.2, tí rílè sì ń gba mílíáńpù 50, mílífóòtì 10 ti yọjú nìyẹn. Dígírì 7.5 a di 8.5, wọn a sì da oògùn tí kò bàjẹ́ nù.

LM35 kò jẹ̀bi. Kí olúkúlùkù ní wáyà ìpadà tirẹ̀, kí gbogbo wọn pàdé lẹ́bàá orísun iná. Kí kapásítọ̀ 0.1 maikirofárádì sún mọ́ ẹsẹ̀ ATmega tímọ́tímọ́. Òun ni àmù inú ilé tí í gbani lọ́wọ́ ìrìn odò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ìwọ̀n náà ní ìgbà 16, kí wọ́n pín in dọ́gba. Èyí dára fún ariwo tó ń lọ sókè-sódò, ṣùgbọ́n ti wáyà ìpadà kò gbọ́ oògùn yẹn: níwọ̀n ìgbà tí rílè bá ń ṣiṣẹ́, òkè nìkan ni ó ń tì í sí.